Ọ̀sẹ̀ 7 inú ìwé síkáànù kọ́ ni ọ̀sẹ̀ 7 tí ọkọ ń kà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ láàbù ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí. Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn kan nínú wa ti ń ṣiṣẹ́, Ṣàgámù ni àwọn yòókù wà. Ọ̀rọ̀ oyún tí a kò mọ ẹni tó ni ín ló gbé wa dé iwájú yín. DNA ni gbogbo ẹnu ń pè báyìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé orí DNA rárá, ìwé pélébé kan wà tó ti máa ń tú ilé ká. Ìwé náà kò parọ́. Àwọn tó ń kà á ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ìwé síkáànù ni à ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ tí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2025, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Ká ní ọkọ kan ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt, kò sì wálé láti ìgbà ọdún Àjíǹde. Ó wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6, nítorí Iléyá, ó lo ọ̀sẹ̀ kan, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún. Nígbà tí òmíràn kò wá mọ́, ó lọ ya síkáànù ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù keje. Ìwé sọ pé oyún ti pé ọ̀sẹ̀ 7 àti ọjọ́ 1. Ó ya fọ́tò ìwé náà, ó fi ránṣẹ́ sí ọkọ lórí WhatsApp tayọ̀tayọ̀. Ọkọ ṣí kàlẹ́ńdà, ó ka ọ̀sẹ̀ 7 àti ọjọ́ 1 sẹ́yìn, ó bá ara rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún. Port Harcourt ló wà lọ́jọ́ náà. Ó ní òun kọ́ ló ni oyún náà.

Òun gan-an ló ni ín. Ìdí ni pé a kì í ka oyún láti ọjọ́ tí tọkọtaya bá ara wọn sùn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tó kẹ́yìn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, nítorí ọjọ́ yẹn ni obìnrin lè fi ojú rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó ń rí ọjọ́ tí ẹyin jáde nínú ara. Nínú ọ̀sẹ̀ 40 tí à ń pè ní oṣù mẹ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ kò ní oyún kankan nínú. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 2 kúrò nínú ọ̀sẹ̀ 7 àti ọjọ́ 1 yẹn, ó ku ọ̀sẹ̀ 5 àti ọjọ́ 1, èyí tí í ṣe ọjọ́ 36. Ẹ ka ọjọ́ 36 sẹ́yìn láti ọjọ́ 14 oṣù keje. Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni ẹ máa bá, ọjọ́ Ojúde Ọba gan-an, tí ọkọ wà nílé.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣírò ọjọ́ ìkúnlẹ̀ fúnra yín, ẹ fi ọjọ́ 7 kún ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, kí ẹ padà sẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹ wá fi ọdún kan kún un. Ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2025 á di ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2026. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọjọ́ tí ọmọ bá wáyé dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọmọ bíi 1 nínú 20 ló máa ń bọ́ sí ọjọ́ tí ìwé dá. Èyí tó bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ 37 sí 42, ọmọ tó dé lásìkò ni. Bàbá tó bá ń ka oṣù mẹ́sàn-án géérégé padà sẹ́yìn láti ọjọ́ ìkómọ lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣìnà láìmọ̀.

A máa ń sọ nílẹ̀ yìí pé ìyá ló mọ bàbá ọmọ. Lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n obìnrin wà tí kò mọ̀ lóòótọ́, tí kò sì parọ́, nítorí ọjọ́ tí ó bá ọkùnrin sùn lè má jẹ́ ọjọ́ tí oyún dúró. Tí ẹyin bá jáde, kì í lò ju wákàtí 12 sí 24 lọ kó tó bàjẹ́. Àtọ̀ ọkùnrin ní tirẹ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ 5. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ 6 péré ni ìbálòpọ̀ lè di oyún nínú oṣù kan: ọjọ́ 5 tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹyin jáde, àti ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá obìnrin sùn lọ́jọ́rú lè jẹ́ ẹni tó ni oyún tó dúró lọ́jọ́ Àìkú. Tí ọkùnrin méjì bá sì wà láàárín ọjọ́ 6 náà, ọgbọ́n orí kankan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ì báà jẹ́ ti ìyá, ì báà jẹ́ ti agbẹ̀bí.

Ọjọ́ wo wá ni ẹyin máa ń jáde? Ibí yìí ni ìṣirò ti sábà máa ń wọ́. Ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé ni, kì í ṣe ọjọ́ 14 lẹ́yìn èyí tó lọ. Obìnrin tí oṣù tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28, méjèèjì bá ara wọn mu. Obìnrin tí tirẹ̀ ń gba ọjọ́ 35, nǹkan bí ọjọ́ 21 ni ẹyin tirẹ̀ ń jáde. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 24, nǹkan bí ọjọ́ 10 ni. Oṣù tó bá wà láàárín ọjọ́ 21 sí 35, kò lábùkù. Ẹni tó bá ní ọjọ́ 14 ni fún gbogbo obìnrin, ó ti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣi ẹni ọlọ́jọ́ 35 lọ́nà, ọ̀sẹ̀ kan sì tó láti gbé oyún láti ọwọ́ ọkùnrin kan sí ọwọ́ èkejì.

Ọjọ́ nǹkan oṣù tún lè jẹ́ irọ́ tí kò sẹ́ni tó pa á. Nígbà tí oyún bá ń fi ara mọ́ ilé ọmọ, ní nǹkan bí ọjọ́ 6 sí 10 lẹ́yìn tí ẹyin jáde, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè yọ. Ó máa ń súnmọ́ ọjọ́ tí obìnrin ń retí nǹkan oṣù rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé oyún ti wà. Ẹ̀jẹ̀ náà kì í sábà pọ̀: ó lè dúdú bí omi kọfí tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ọjọ́ kan tàbí méjì ló fi ń wá, kì í kún páàdì. Ẹni tó bá pè é ní nǹkan oṣù ti fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣi ìṣirò rẹ̀. Ọkùnrin tó wà nítòsí nínú oṣù tó kọjá á bọ́, èyí tó wà nítòsí nínú oṣù yìí ni wọ́n á gbé oyún fún. Ẹ̀jẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Bíi aboyún 1 nínú 4 tàbí 5 ló ń rí i. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí agbẹ̀bí bi obìnrin ni pé, “Èyí tó wá kẹ́yìn yẹn, ṣé bó ṣe máa ń wá ló ṣe wá? Ọjọ́ mélòó? Páàdì mélòó?” Tí ìdáhùn bá fi hàn pé kò rí bó ṣe máa ń rí, ẹ lọ mú ọjọ́ ti oṣù tó ṣáájú rẹ̀ wá.

Obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú lè lóyún láì tíì rí nǹkan oṣù kankan lẹ́yìn ìbímọ, nítorí ẹyin ló ń kọ́kọ́ jáde kí ẹ̀jẹ̀ tó wá. Ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dàrú fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn èyí tó gbà kẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí kò ní ọjọ́ kankan tí wọ́n lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ẹ tún fetí sí ti Postinor, oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má bàa dúró, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń lò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń dá ẹyin dúró kó má tíì jáde. Kì í pa àtọ̀, kì í sì í ṣẹ́ oyún tó ti dúró. Ká ní ọmọbìnrin kan wà pẹ̀lú ọkùnrin kan lálẹ́ Sátidé, ó lo oògùn náà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹyin tí ì bá jáde lọ́jọ́bọ̀ lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tó bá tún wá wà pẹ̀lú ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ náà, tó gbà pé oògùn ọjọ́sí ṣì ń dáàbò bò òun, ọwọ́ ẹnì kejì ni oyún máa dúró sí jù, bẹ́ẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ ni ìṣirò ọjọ́ 14 máa tọ́ka sí. Oògùn náà a sì tún máa sún nǹkan oṣù síwájú tàbí sẹ́yìn, èyí á túbọ̀ da ọ̀rọ̀ rú.

Torí gbogbo èyí la ṣe ń pariwo síkáànù ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, gbogbo ọlẹ̀ inú ayé, ti dúdú, ti funfun, ti ọmọ olówó, ti ọmọ tálákà, bákan náà ni wọ́n ń dàgbà, bíi mìlímítà 1 lójúmọ́. Ọlẹ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ 7, gígùn rẹ̀ láti orí dé ìdí jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 10. Bí oyún bá ti ń dàgbà sí i ni oúnjẹ ìyá, ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìdílé máa ń ya ọmọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, tí ọmọ ńlá ọ̀sẹ̀ 28 á máa jọ ọmọ ọ̀sẹ̀ 30. Kí ọ̀sẹ̀ 9 tó pé, àṣìṣe ìwọ̀n kì í sábà ju ọjọ́ 5 síwájú tàbí ọjọ́ 5 sẹ́yìn. Láti ọ̀sẹ̀ 9 dé ìparí ọ̀sẹ̀ 13, ó di ọjọ́ 7. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, ọjọ́ 10. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28, ọjọ́ 21.

Ẹ wá fi èyí pọ̀ mọ́ ọjọ́ 5 tí àtọ̀ lè fi dúró de ẹyin. Tí síkáànù ọ̀sẹ̀ 8 bá sọ pé oyún dúró lọ́jọ́ báyìí, ìbálòpọ̀ tó dá oyún náà sílẹ̀ lè ṣáájú ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ọjọ́ 10, ó sì lè tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọjọ́ 5. Fèrèsé ọjọ́ 15 nìyẹn. Ọkùnrin méjì tí ọjọ́ wọn jìnnà síra ju ọjọ́ 15 lọ, síkáànù ìbẹ̀rẹ̀ lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ láìsí owó DNA. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 10 sí 15 ló wà láàárín wọn, ó lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí à ń búra lé. Tó bá dín ní ọjọ́ 10, ẹ má bi í rárá. Síkáànù kan náà tí a bá sún di ọ̀sẹ̀ 12, fèrèsé rẹ̀ ti di ọjọ́ 19. Ní ọ̀sẹ̀ 20 ó di ọjọ́ 25. Ní oṣù kẹjọ, ó ti lé ní ọjọ́ 40, kò lè ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ mọ́. Ẹ̀rí ń bàjẹ́ lójoojúmọ́ tí ìtìjú bá fi mú obìnrin jókòó sílé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ọ̀sẹ̀ 7 sí 8 láti ọjọ́ nǹkan oṣù ló dára jù. Ẹni tó bá sáré lọ ní ọ̀sẹ̀ 5, àpò omi nìkan ni wọ́n á rí, ọlẹ̀ kò tíì ṣe é wọ̀n. Kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ni ọkàn ọlẹ̀ ti ń lù tí ẹ̀rọ lè rí i. Tó bá jẹ́ orí ikùn ni wọ́n fẹ́ gbé e gbà, kí obìnrin mu omi ọ̀rá 2, ìyẹn lítà 1, ní wákàtí kan ṣáájú, kó má sì tọ̀, nítorí àpòòtọ̀ tó kún ló ń gbé ilé ọmọ sókè kí ẹ̀rọ lè rí i dáadáa. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń ti ojú ara ṣe ni, kó lọ tọ̀ kọ́kọ́. Èyí ń fi ọlẹ̀ kékeré hàn ju ti orí ikùn lọ, kì í sì í pa oyún lára.

Ẹ ní kí wọ́n kọ gígùn ọlẹ̀ sílẹ̀ ní mìlímítà. CRL ni wọ́n ń fi ṣàmì rẹ̀ lórí ìwé. Ohun tó ń bà wá nínú jẹ́ ni pé àwọn ibòmíràn wà tí wọn kì í wọn ohunkóhun. Wọ́n á bi obìnrin pé ìgbà wo ló rí nǹkan oṣù, wọ́n á tẹ ọjọ́ náà sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ṣírò ọ̀sẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde bí ẹni pé ojú ló fi rí i. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sọ ju ohun tí obìnrin náà ti sọ lọ. Ẹ wò ó dáadáa: iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ LMP sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti ẹnu obìnrin ló ti wá, èyí tí wọ́n kọ US tàbí AUA sí ni ẹ̀rọ wọ̀n. Inú èyí tí ẹ̀rọ wọ̀n ni kí ẹ ti yọ ọ̀sẹ̀ 2. Obìnrin ọlọ́jọ́ 35 tí nǹkan oṣù rẹ̀ sọ pé ọ̀sẹ̀ 8, tí ẹ̀rọ sọ pé ọ̀sẹ̀ 7, ẹ̀rọ ni kó gbà gbọ́.

Síkáànù àkọ́kọ́ ló ń jọba. Tí èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹjọ bá sọ pé ọ̀sẹ̀ 30, tí ìṣirò ti àkọ́kọ́ sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 32, oyún kò kéré sí i. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ni kò tóbi tó, ó sì yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. A mọ̀ pé irú ìyàtọ̀ yìí ti mú kí àwọn kan lérò pé oyún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé méjèèjì ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú ìwé àkọ́kọ́ sínú ọ̀rá, ẹ má jẹ́ kí omi tàbí oòrùn kàn án, nítorí àwòrán orí bébà ẹ̀rọ yẹn máa ń parẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ohun kékeré kan tún wà tí kò náni ní ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ: bébà àyẹ̀wò ìtọ̀. Kí oyún tó lè hàn nínú ìtọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ara mọ́ ilé ọmọ, èyí kì í sì í ṣẹlẹ̀ kí ọjọ́ 6 tó pé lẹ́yìn tí ẹyin jáde. Fún ìdí yìí, tí bébà bá fa ìlà méjì nígbà tí kò tíì pé ọjọ́ 7 tí obìnrin bá ọkùnrin kan sùn, oyún ti wà níbẹ̀ kí ọkùnrin yẹn tó dé. Òdìkejì rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ìlà kan ṣoṣo lọ́jọ́ 10 kò túmọ̀ sí pé kò sí oyún. Ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ni èsì rẹ̀ tó ṣe é fọkàn tẹ̀. Ìtọ̀ àárọ̀ ló dára jù. Ẹ kà á ní ìṣẹ́jú tí páálí rẹ̀ sọ, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 3 sí 5. Ìlà tó bá yọ lẹ́yìn tó ti gbẹ kì í ṣe ìlà. Kí ẹ kọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ fa ìlà méjì sílẹ̀.

Ní ti DNA, àyẹ̀wò kan wà tí a lè ṣe kí ọmọ tó wáyé láìfọwọ́ kan oyún. Díẹ̀ nínú DNA ọmọ máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá láti ara ibi ọmọ. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ìyá ní apá, wọ́n á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin, wọ́n á fi wọ́n wéra. Ó kéré tán, kí oyún ti kọjá ọ̀sẹ̀ 8. Tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ 10, DNA ọmọ á pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, èsì á sì dá wa lójú jù. Ó gbówó lórí, òkè òkun ni wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí, kì í sì í sábà ṣiṣẹ́ fún oyún ìbejì. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba díẹ̀ lára ibi ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ 10 sí 13, tàbí omi inú ilé ọmọ láti ọ̀sẹ̀ 15. Èyí lè ba oyún jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwa kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó fi ẹ̀mí ọmọ wewu nítorí orúkọ bàbá nìkan, nígbà tí òwú lásán lè dáhùn ìbéèrè náà lẹ́yìn ìbímọ.

Òwú yẹn náà ní òfin tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má jẹun, má mu sìgá, má jẹ obì fún wákàtí kan ṣáájú. Tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú, ẹ dúró, nítorí ara ìyá wà nínú wàrà náà. Ẹ jẹ́ kí òwú gbẹ kí ẹ tó fi í sínú àpòòwé bébà; inú ọ̀rá ni ó ti ń bu. Irun tí wọ́n gé pẹ̀lú abẹ kò wúlò, àfi èyí tí wọ́n fà tu tòun ti gbòǹgbò. Láàbù á wo nǹkan bí ibi 20 nínú DNA. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ìdajì ọmọ gbọ́dọ̀ bá ti bàbá mu. Ibi kan ṣoṣo tí kò bára mu kò tó láti sọ pé òun kọ́, nítorí DNA a máa yí díẹ̀ láti ìran dé ìran. Tó bá jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tàbí bàbá àtọmọ ni àwọn ọkùnrin méjèèjì, ẹ má fi pamọ́ fún láàbù, nítorí DNA wọn súnmọ́ra. Tó bá jẹ́ ìbejì tó jọra láti inú ẹyin kan, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ kò lè yà wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ń fi ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ àti jẹ́nótáìpù dájọ́. Méjèèjì lè yọ ẹnì kan kúrò, wọn kò lè fi ẹnikẹ́ni múlẹ̀. Ìyá O àti bàbá O kò lè bí ọmọ A, B tàbí AB. Ẹni tó jẹ́ AB kì í bí ọmọ O, àfi ohun tó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Bàbá tó jẹ́ AA kò lè bí ọmọ SS. Àmọ́ kí ẹ tó fi èyí lé ìyàwó jáde, ẹ tún àyẹ̀wò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ní láàbù méjì tó yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ AA fún tó jẹ́ AS látilẹ̀wá. Jẹ́nótáìpù ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 lè ṣini lọ́nà, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé wá láti inú ilé ọmọ ṣì pọ̀ lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni lẹ lè máa yẹ̀ wò. Ní ti kí ọmọ jọ bàbá ní ìka ẹsẹ̀ tàbí ní etí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọmọbìnrin tí kò dá lójú, ohun tí a fẹ́ kó ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò pọ̀. Kó kọ ọjọ́ nǹkan oṣù méjì tó kẹ́yìn, iye ọjọ́ tí wọ́n fi wá, ọjọ́ ìbálòpọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti oògùn tó lò. Ẹni tí kò rántí ọjọ́ lè rántí ohun tó ṣẹlẹ̀: ọjọ́ ìsìnkú, ìkómọ, ọjọ́ tí wọ́n gba owó oṣù, ọjọ́ tí ó ná ọjà Fálàwò ní Ṣàgámù. Kó lọ forúkọ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé. Orúkọ ọkùnrin kì í ṣe owó ìwọlé sí klíníìkì aboyún. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV, rẹ́kórẹ́kó àti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, èyí tí ẹni tó ní ju ọkùnrin kan lọ kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Tí ìrora bá mú un ní ẹ̀gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ, kó má dúró de ọjọ́ kankan: oyún náà lè wà níta ilé ọmọ, ó sì ń pani. Kó má sì lọ bá àwọn tó ń fi irin àti àgbo ṣẹ́ oyún ní kọ̀rọ̀ nítorí ìbẹ̀rù ìbéèrè kan tí síkáànù lè dáhùn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òfin wa kò fàyè gbà á àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là, ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ bá sì ti lu, àwa la máa ń gbà á wọlé lóru.

A bẹ ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n tí ẹ máa ń jókòó yí ọmọ ká tí ẹ ń ní kó dárúkọ kí ilẹ̀ tó mọ́. “Mi ò tíì mọ̀” jẹ́ ìdáhùn tòótọ́. Orúkọ tí ẹ fi ẹkún gbà lẹ́nu rẹ̀ lálẹ́ òní, òun ni ìdílé méjì máa fi mọ̀nà lọ síbi ìdána ní oṣù tó ń bọ̀, tí DNA á tún wá tú u lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọmọ ti mọ ẹni tó ń pè ní bàbá. Ẹ̀yin ọkùnrin náà, kí ẹ tó gba oyún tàbí kọ̀ ọ́, ẹ béèrè ìwé síkáànù àkọ́kọ́, kí ẹ jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 165, sọ pé ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó tó bófin mu, tàbí láàárín ọjọ́ 280 lẹ́yìn tí ó tú ká tí ìyá kò sì tíì fẹ́ ẹlòmíràn, ti ọkọ náà ni ilé ẹjọ́ máa kà á sí. Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà sì sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà tí ọmọ gbà wáyé fi ohunkóhun dù ú.

Sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa: ẹ bi obìnrin ní ìbéèrè yìí nígbà tó bá dá wà, kì í ṣe níwájú ìyá ọkọ, kì í ṣe níbi tí èrò tò sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya síkáànù jákèjádò Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣàgámù, a ń bẹ̀ yín kí ẹ gbẹ́ òǹtẹ̀ kan, kí ẹ máa lù ú sí ìsàlẹ̀ gbogbo ìwé oyún tó bá tọwọ́ yín jáde, ní èdè tí ọkọ àti ìyá ọkọ lè kà. A sì bẹ ẹ̀yin olóòtú kí ẹ bá wa tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà:

Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù ni a ti ka ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹ tó mọ ìgbà tí oyún dúró. Ó lè fi ọjọ́ 5 sí 7 yàtọ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Àwa ni,
Àwọn agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ láàbù kan,
Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù.